Ọ̀sẹ̀ Ìgbálẹ̀ Frau Häberle

Wàràkàṣì náà ti ń ṣomi lórí àwo nígbà tí fóònù Corinne dún. Oòrùn ọ̀sán ti mú un rọ̀, ara rẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn ti là, inú rẹ̀ sì ń ṣàn jáde díẹ̀díẹ̀ bí ikun imú ọmọdé. Òórùn rẹ̀ dà bí ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnìkan gbàgbé sínú bàtà òjò. Wade, ọkọ rẹ̀, ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ń ya fọ́tò.

"Junie, gbé e sún mọ́ imú rẹ. Ṣe ojú bí ẹni pé ó fẹ́ pa ọ́."

"Dádì, ó fẹ́ pa mí lóòótọ́!" ni ọmọbìnrin wọn wí.

"Ojú yẹn gan-an! Má mira."

Àwọn tó wà ní tábìlì kejì ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìlú kékeré kan ní Alsace, ní ilẹ̀ Faransé, ni, tí àwọn ilé onípákó rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí arúgbó tó ń gbọ́ òfófó, tí òdòdó pupa sì kún ojú fèrèsé gbogbo. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Wade ti gbé wọn láti Nebraska ní Amẹ́ríkà wá sí Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì, irú ìlú báyìí ni wọ́n ń wá kiri ní gbogbo ìsinmi. Wọ́n á dé, wọ́n á jẹun, wọ́n á ya fọ́tò. Wade á kó fọ́tò náà sórí ayélujára, àwọn ará ilé lọ́hùn-ún á sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ayé ń yẹ wọ́n. Ìsinmi Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n ń lò lọ́wọ́. Lọ́la, wọn yóò kọjá sí ẹ̀bá adágún kan tó wà láàrin òkè.

Orúkọ Frau Aksoy, Ìyáàfin Aksoy ní èdè Jámánì, ló wà lójú fóònù. Aránṣọ ni Frau Aksoy, ọmọ Tọ́kì, ìsàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé ní Stuttgart ló wà. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ bá ènìyàn sọ, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ló ti máa ń pariwo rẹ̀ sókè. Kì í pe ènìyàn lórí fóònù.

"Corinne, ṣé o wà ní ìjókòó?"

"Mo jókòó. Kí ló dé? Ṣé omi ló tún bẹ́?"

"Häberle ti kú."

Corinne dìde kúrò nídìí tábìlì, ó sì rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Èmi ni mo pe ọlọ́pàá láàárọ̀ yìí," ni Frau Aksoy ń wí. "Òórùn náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, àwọn oníbàárà ń fi ọwọ́ bo imú. Wọ́n já ilẹ̀kùn. Háà, ọmọ, má jẹ́ kí n sọ fún ọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ṣubú sí. Omi wà nínú korobá rẹ̀, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dúró lójijì, pé kò jẹ̀rora. Ṣùgbọ́n láti Sátidé ni. Láti Sátidé, Corinne!"

Ọjọ́ Ẹtì ni òní.

"Ilẹ̀kùn yín kọjú sí tiẹ̀," ni Frau Aksoy tún wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ òórùn kankan kí ẹ tó lọ ni?"

"Rárá," ni Corinne dáhùn. "A ò gbọ́ nǹkan kan."

Ó pa fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn wàràkàṣì. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e sí imú, ó tún nù ún.

Irọ́ ni. Wọ́n gbọ́ ọ. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí wọ́n gbé àpò jáde, òórùn náà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò ní kó wọlé. Wade fi imú fà á. "Arúgbó ti tún se kábéèjì kíkan rẹ̀," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká tètè sáré kó tó ní ká wá jẹ níbẹ̀." Corinne sì rẹ́rìn-ín. Ó fi ìborùn bo imú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sínú aṣọ náà, ó sì rọra kọjá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà dún. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kì í jẹ́ ká sùn lóru. Ará ilé tiwọn kú, ó sì wà ní òkú lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a lè na ọwọ́ kàn. Wọ́n sùn dáadáa.

Ó rí pátákó ìgbálẹ̀ náà pẹ̀lú, lọ́jọ́ náà. Ara ọwọ́ ilẹ̀kùn Frau Häberle ló ṣì wà. Inú rẹ̀ dùn.

*

Ní Stuttgart, àwọn tó ń gbé ilé kan náà ni wọ́n ń gbá àtẹ̀gùn fúnra wọn. Ìdílé méjì tó bá kọjú síra lórí òkè kan á máa gbà á fún ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Pátákó kékeré kan, tí wọ́n kọ Ọ̀sẹ̀ Ìgbálẹ̀ sí, a máa wà lára ilẹ̀kùn ẹni tí ó kàn. Bí ó bá di Sátidé, tí onítọ̀hún ti gbá a tó sì ti nù ún, á gbé pátákó náà kọ́ ilẹ̀kùn ẹnìkejì. Kò sí àríyànjiyàn. Bí o bá jí tí o bá a lára ilẹ̀kùn rẹ, tìrẹ ti dé nìyẹn.

Ní oṣù tí wọ́n kọ́kọ́ dé, Corinne kórìíra pátákó yìí ju ohunkóhun lọ. Ó kórìíra obìnrin tó ń gbé e kọ́. Arúgbó gbígbẹ ni Frau Häberle, opó, tí ẹnu rẹ̀ fún bí ẹnu àpò. Bí Corinne bá gbálẹ̀ tán, Frau Häberle á jáde, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi ìka kan fa igun àtẹ̀gùn, á sì gbé ìka náà sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Àárín lẹ gbá," ni yóò wí. "Ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti gbá àárín. Igun ni ìdọ̀tí wà."

"Mo gbá igun, Frau Häberle."

"Igun náà kò gbọ́ pé ẹ gbá òun."

Lọ́jọ́ kan, Corinne ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì ya arúgbó náà ní fọ́tò níbi tó kúnlẹ̀ sí, tó ń fi ọ̀bẹ ìdáná ha igun àtẹ̀gùn. Ó fi ránṣẹ́ sí Wade kí ó lè rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́. Wade gbé e sórí ayélujára, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọ̀gá Ọlọ́pàá Ìgbálẹ̀ wa. Kò sí fọ́tò wọn kankan tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn tó o.

Nígbà tó yá ni ìyá Corinne kú. Òjò dídì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ibà sì mú Junie débi pé kò ṣeé fi sílẹ̀, kò sì ṣeé gbé wọ ọkọ̀ òfurufú. Inú ilé ìdáná ni Corinne ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀, lójú fóònù tí ó gbé ti ìgò iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbé fóònù ti ọ̀hún dání. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀yìn fìlà ẹnìkan ló rí jù.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Junie ló sọ, nígbà tí ara rẹ̀ yá, tó lọ gba ápù gbígbẹ tí Frau Häberle máa ń fún un, èyí tó mú kí ọmọ náà máa pè é ní Màmá Ápù. Ní Sátidé, pátákó kò dé. Ní Sátidé kejì, kò dé. Láti orí ibùsùn ni Corinne ti ń gbọ́ ọ̀wọ̀, ṣáṣá, ṣáṣá, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí kì í ṣe ti ẹni tó ń gbá a. Frau Häberle kò wá kí i. Kò sọ pé Ọlọ́run á tù ú nínú. Nígbà tí Corinne wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láti dúpẹ́, ojú ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n bá níhòòhò.

"Ìdọ̀tí kò pọ̀," ni ó wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, ní Sátidé tó kọjá, nígbà tí pátákó náà kò dé, Corinne rò pé ó mọ ìdí rẹ̀. Ó ti sọ fún un pé àwọn ń rìnrìn àjò. Ó ní obìnrin yìí ti tún ṣe òun lóore. Ó tilẹ̀ pinnu láti ra nǹkan kékeré bọ̀ fún un láti Alsace, bóyá ìgò oyin kan.

*

"Ó ṣe o," ni Wade wí nígbà tí ó gbọ́. Ó yọ fìlà rẹ̀. "Ènìyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n, Corinne, ó ti dàgbà. Tiẹ̀ ti tó."

"Mo fẹ́ lọ sílé."

"Lọ ṣe kí ni? A kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ. Ilé yẹn á ṣì máa rùn. Jẹ́ ká lọ síbi adágún lọ́la gẹ́gẹ́ bí a ṣe pinnu, tí a bá dé, ká ra òdòdó lọ síbi ibojì rẹ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là, bí ojú ẹni tó rí ohun rere ṣe. "Mo sì ní fọ́tò rẹ̀ yẹn. Èyí tó ń ha àtẹ̀gùn. Mo lè gbé e jáde padà, kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tó dára sí i. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀, o mọ̀."

Corinne wò ó. Èérún búrẹ́dì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ohun funfun kan nínú wàràkàṣì náà lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀, ó sì fi ẹnu lá a kúrò. Kò ṣe é tìkà, ìwà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Corinne ti àwo wàràkàṣì náà kúrò níwájú rẹ̀.

"Bí o bá gbé fọ́tò yẹn jáde," ni ó wí pẹ̀lẹ́, "n kò ní bá ọ sùn sínú ilé kan náà."

"Ó dáa, ó dáa! Kí ni mo wí? Ìwọ lo yà á, kì í ṣe èmi."

Òótọ́ ni. Òun ló yà á.

Wọ́n yí ọkọ̀ padà sí Stuttgart, wọ́n sọdá odò Rhine, wọ́n gba àárín igbó dúdú. Nínú ọkọ̀ náà, gbogbo nǹkan ń rùn: wàràkàṣì tí Wade ní kí wọ́n dì fún un, ìbọ̀sẹ̀ Junie, lọ́fínńdà tó rọ̀ mọ́ dígí. Ní ẹ̀bá ọ̀nà kan tí igi pọ̀ sí, Corinne ní kí ó dúró. Ó bì sínú koríko títí kò fi sí ohun tó kù níkùn rẹ̀. Nígbà tí ó padà, ó mú ìdì wàràkàṣì náà, ó sì sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀. Wade wo garawa náà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ṣáná sí ọkọ̀.

"Mọ́mì," ni Junie wí láti ẹ̀yìn, "ṣé Màmá Ápù ń dá nìkan dùbúlẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn ni?"

"Kò mọ̀ mọ́, ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹni tó ti kú kò mọ nǹkan kan."

"Àwa ńkọ́?"

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Corinne fi orí ti dígí. Ó ń wá ilé nínú ọkàn rẹ̀, oko àgbàdo ló sì ń rí, pẹ̀lú àga ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àtẹ̀gùn ló rí.

*

Ẹnu géètì ni Wade ti dúró. Wọ́n ti ṣí gbogbo fèrèsé ilé náà kalẹ̀, síbẹ̀ òórùn náà ti dé ojú ọ̀nà. Junie fa ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bo imú.

"N kò lè gbé ọmọ wọ ibẹ̀," ni Wade wí.

"Mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ níbi iṣẹ́. Mò ń bọ̀ tí mo bá ṣe tán."

"Tí o bá ṣe kí ni tán?" Ó wò ó, kò sì bèèrè mọ́. Ó na ọwọ́, ó yọ èèpo koríko kan kúrò ní irun rẹ̀. "Pè mí," ni ó wí.

Corinne wọlé. Ó fi ìborùn dí imú rẹ̀, èyí kan náà tí ó fi dí i lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Òórùn náà kò gbọ́ ti ìborùn. Ó wọ inú aṣọ, ó wọ ọ̀nà ọ̀fun, ó dùn lọ́nà burúkú kan bí èso tó ti jẹrà. Lára àtẹ̀gùn ni ipasẹ̀ àwọn tó gbé òkú wà, bàtà ńlá, ẹrẹ̀. Ní àwọn ibì kan, omi kan ti kán sílẹ̀, ó sì ti gbẹ, ó pọ́n bí tíì. Kò fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Eṣinṣin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń yí igun ká.

Lókè, ọlọ́pàá ti lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn Frau Häberle. Ìwé mìíràn wà lára ògiri: onílé ní àwọn tí yóò fọ inú yàrá ń bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Kò sọ ohunkóhun nípa àtẹ̀gùn. Kí ni yóò sọ nípa rẹ̀? Ní ilé yìí, gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tó ni àtẹ̀gùn.

Pátákó náà ṣì wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó já ilẹ̀kùn ti mú un, ó ti já ilẹ̀kùn tán, ó sì ti gbé e padà síbi tó bá a. Corinne yọ ọ́. Ó fúyẹ́ ju bí ó ṣe rántí lọ. Ó gbé e kọ́ ilẹ̀kùn tirẹ̀, ó wọlé, ó gbé omi kaná.

Láti òkè ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbá a ná, lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú korobá, ọṣẹ, àkísà. Lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, èébì gbé e, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ láti bì. Lórí èyí tó tẹ̀ lé e, ìborùn náà já bọ́ sínú omi. Ó gbé e jáde, ó fún un, ó sì tún fẹ́ so ó mọ́ imú. Ó wo aṣọ náà. Aṣọ dáadáa ni, wọ́n rà á ní Lisbon, fọ́tò rẹ̀ wà. Ó ká a ní ìlọ́po méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi nu ilẹ̀.

Ó fi ọ̀bẹ ìdáná ha igun. Ìdọ̀tí dúdú jáde, tínínrín, bí èyí tó máa ń wà lábẹ́ èékánná. Ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ Frau Häberle ni, tí kò rí gbá, àti ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ tirẹ̀, tí kò gbìyànjú láti gbá. Kò sì sí bí a ṣe lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ó ń fún àkísà, ó ń da omi nù, ó ń gbé òmíràn wá. Kò mọ ìgbà tí ó dẹ́kun dídi èémí rẹ̀ mú.

Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀, Frau Aksoy dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn.

"O ti dé," ni ó wí. "O tilẹ̀ ń fọ̀ ọ́. Ọmọ, fi sílẹ̀ fún àwọn tí yóò gba owó rẹ̀."

Corinne jókòó sórí àtẹ̀gùn tó kángun sí ilẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti tutù.

"A gbọ́ ọ, Frau Aksoy. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú. A gbọ́ òórùn náà. A ní kábéèjì ni."

Frau Aksoy ń fi ìka ká okùn ìwọ̀n rẹ̀.

"Èmi gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí ẹ lọ gan-an," ni ó wí nígbà tó yá. "Ṣé o mọ ohun tí mo wí? Mo sọ fún ọkọ mi pé: àwọn ará Amẹ́ríkà yìí, wọ́n tún ti gbàgbé àpò ìdọ̀tí wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ ya fọ́tò kiri. Mo ní n kò ní gòkè. Mo ní kí ó máa rùn, kí ojú lè tì yín tí ẹ bá dé." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, kíákíá, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. "Ká ní àwa ni, Häberle ì bá ti lọ wò ó. Ì bá ti kan ilẹ̀kùn wa fọ́ láti ọjọ́ kìíní, kó lè bá wa jà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Corinne, kò mọ ibi tó ti wá. Frau Aksoy náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Wọ́n jọ gòkè láti wò ó. Igi àtẹ̀gùn náà ti dúdú fún omi, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ láti ojú fèrèsé sì sùn sórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òórùn náà kò tíì lọ. Òórùn ọṣẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Frau Aksoy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan fa igun, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ìka náà sì mọ́.

Corinne yọ pátákó náà kúrò lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ti gbálẹ̀ tán. Ó rìn lọ síwájú ilẹ̀kùn tó dojú kọ tirẹ̀, ó sì dúró níbẹ̀ níwájú bébà ọlọ́pàá, pátákó lọ́wọ́.

"Tiẹ̀ ló kàn báyìí, àbí?" ni Frau Aksoy bèèrè jẹ́jẹ́.

Corinne yí padà. Ó gbé pátákó náà kọ́ ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tọ́ ọ kó má baà wọ́.

"Ìdọ̀tí kò pọ̀," ni ó wí.